Ẹni Tó Bá Wólẹ̀ Níwájú Giwa

Àwòrán Adétúnbọ̀ ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Airport Road ní Kánò. Ó ká apá mọ́ àyà níbẹ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ a sì máa dúró yà á ní fọ́tò. Nínú òtẹ́ẹ̀lì tó dojú kọ àwòrán náà, ẹni tó ni ojú yẹn gan-an jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ó ti di oṣù mẹ́rin tí ọwọ́ èèyàn kan ti kàn án lára gbẹ̀yìn. Wọ́n ń gbé oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á sì dúró kí ìró ẹsẹ̀ wọn lọ tán kó tó ṣílẹ̀kùn. Olówó ni, gbajúmọ̀ ni, kò sì rẹ́ni bá sọ̀rọ̀.

Ọmọ Sabon Gari ni. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Olúfúnlọ́lá, tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní Ibo Road, ló sì pọ̀n ọ́n dàgbà. Ìjàkadì àfiṣeré tí wọ́n ń pè ní rẹ́sílìn niṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín: àdéhùn ni ìjà náà. Láti inú yàrá tí wọ́n ti ń múra ni wọ́n ti mọ ẹni tó máa borí àti ẹni tó máa ṣubú. Bí ọ̀kan bá gbé èkejì lulẹ̀, ẹni tó wà lórí á rọra fún ọwọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀. Bí ìyẹn bá fún ọwọ́ tirẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mejì, ó ń sọ pé, mo wà dáadáa, máa bá iṣẹ́ lọ.

Ọdún mẹ́fà gbáko, Adétúnbọ̀ ni wọ́n ń gbé lulẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ìṣubú ṣe tó o. Á já lulẹ̀ gbì, gbogbo gbọ̀ngàn á mì. Ṣùgbọ́n ta ló ń ya fọ́tò ẹni tó ṣubú? Desmond, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé e lulẹ̀, ni èrò ń gbé kọ́ èjìká, Adétúnbọ̀ á sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ní òun nìkan. Ó dùn ún dé egungun.

Ẹnìkan wá júwe Bàbá Oyèwálé fún un, oníṣègùn tó ń gbé lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù ní Hotoro. Ọ̀sán gangan ló lọ, oòrùn ń jó ni lórí, ṣùgbọ́n yàrá tó wọ̀ kò ní wíńdò kankan. Ó ń rùn bí irin tó ti pẹ́ nínú omi. Iyanrìn ni ilẹ̀ rẹ̀, ó tutù, ó sì rọ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ bí ara ẹran.

Bàbá náà bi í pé kí ló ń wá. Ó ní òun fẹ́ borí, kó jẹ́ òótọ́, kí gbogbo ayé mọ orúkọ òun.

"Òùngbẹ ń gbẹ ilẹ̀ yìí," ni bàbá náà wí. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Bọ́ ẹ̀wù ẹ."

Ó fi abẹ sín gbẹ́rẹ́ mọ́kànlélógún sí i láyà, ó ní kó dojú bolẹ̀. Iyanrìn lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́, ó ń fà á. Adétúnbọ̀ gbọ́ ọ tó ń mu ẹ̀jẹ̀ òun bí ọmọ ọwọ́ ti ń mu ọmú. Ó fẹ́ dìde, ara rẹ̀ kọ̀. Lókè orí rẹ̀, ohùn bàbá náà ń yí:

"Igi wó nígbó, ilẹ̀ ló ni ín. Èso já lórí igi, ilẹ̀ ló ni ín. Òjò rìn títí lókè, ilẹ̀ náà ló mu ún. Ẹni tó bá wólẹ̀ níwájú ẹ, ìbáà fi àyà, ìbáà fi ẹ̀yìn, ìbáà fi orúnkún, ilẹ̀ ló ni ín. Kò ní dìde. Ṣùgbọ́n ìkẹyìn nìyí tí àyà tìẹ máa kan ilẹ̀. Ọjọ́ tó bá kàn án níwájú ẹnikẹ́ni, àdéhùn tú, ìwọ ni ilẹ̀ máa fi parí ẹ."

Orí pèpéle ìjàkadì nìkan ni Adétúnbọ̀ ń rò. Kánò ni wọ́n bí i sí. Hausa ló fi ń kí ará ọjà, ọwọ́ ló ń bọ̀ wọ́n. Kò sí lọ́kàn rẹ̀ rárá pé nílé tirẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ ni wọ́n fi ń kí ara wọn.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó bẹ Desmond pé kó jẹ́ kí òun borí lẹ́ẹ̀kan péré. Ìyẹn rẹ́rìn-ín. "Today na your turn, my guy," ló wí, ó sì jẹ́ kó gbé òun lulẹ̀ bí wọ́n ṣe jọ sọ ọ́.

Adétúnbọ̀ fún ọwọ́ rẹ̀. Desmond kò fún tirẹ̀ padà. Ó tún fún un. Ẹ̀jẹ̀ yọ ní etí Desmond, ó yọ nímú, ó ṣàn sórí pèpéle, pèpéle sì mu ún gbẹ láìku ẹ̀kán kan. Àwọn èrò ń pariwo "Giwa! Giwa!", ìyẹn erin lédè Hausa, orúkọ ìjà rẹ̀. Títí wọ́n fi gbé òkú kúrò, ọwọ́ yẹn ló ń fún.

Àwọn dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀. Fídíò ìjà náà rìn káàkiri ayé. Kò sẹ́ni tó gbà bá Giwa jà mọ́, ṣùgbọ́n àwọn onífíìmù Kánò pè é, wọ́n ní ojú tó ní ìbànújẹ́ báyìí làwọn ń wá. Ó dúró bí ẹ̀ṣọ́ nínú fíìmù náà, kò sọ ju gbólóhùn méje lọ, àwọn èèyàn sì ya bo sinimá. Nígbà tó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó rántí àyà rẹ̀, kò dọ̀bálẹ̀. Olúfúnlọ́lá bi í lójú àwọn oníbàárà bóyá owó ló ti gan ẹ̀yìn rẹ̀. Ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Fíìmù kejì, ti Yorùbá ni. Tiwaladé, omidan tó máa ṣe ìyàwó rẹ̀ nínú eré, wọlé láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Bó ṣe wà lórí eékún nìyẹn. Ẹ̀rín náà kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn kọjá láàárín eyín, ó bọ́ sílẹ̀, ilẹ̀ sì gbẹ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé òkú rẹ̀, ọkùnrin mẹ́fà ló tó fa eékún rẹ̀ já kúrò nílẹ̀.

Adétúnbọ̀ sáré padà sí Hotoro. Ó ní kí bàbá náà tú u.

"Ìwọ lo ní kó jẹ́ òótọ́," ni Bàbá Oyèwálé wí. "Ṣé ilẹ̀ lo fẹ́ kó mọ ìyàtọ̀ ìjà àti ìkíni? Máa jayé ẹ lọ. Kò sẹ́ni tó lè borí ẹ mọ́."

Ìgbà yẹn ló sá wọ òtẹ́ẹ̀lì. Oṣù mẹ́rin rèé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ẹnìkan kanlẹ̀kùn. "Túnbọ̀." Ẹnì kan ṣoṣo láyé ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ láti inú yàrá pé kó máa lọ. Olúfúnlọ́lá kò lọ, ó bẹ òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì títí wọ́n fi bá a ṣílẹ̀kùn. Ó wọlé tòun ti kúlà ìrẹsì lọ́wọ́, ó gbé e sílẹ̀. Adétúnbọ̀ fẹ̀yìn rìn dé wíńdò. Bẹ́ẹ̀dì wà láàárín wọn.

"Àǹtí, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́."

"Wọ́n ní owó ti gùn ẹ́, èmi náà bá wọn sọ ọ́," ni Olúfúnlọ́lá wí. "Mo sọ̀rọ̀ sí ẹ níwájú customers, I know. Mi ò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ, ṣáà wá jẹun nílé. Mi ò bí ẹ, ṣùgbọ́n mo pọ̀n ẹ́. Bó bá jẹ́ kí n kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ ni, màá kúnlẹ̀."

Ó ká ìró rẹ̀ sókè. Adétúnbọ̀ pariwo pé kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ariwo dá abiyamọ dúró? Orúnkún rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Ọwọ́ kò lè tó o. Àyè ohun kan ṣoṣo ló kù, ohun tí Adétúnbọ̀ mọ̀ ṣe ju gbogbo èèyàn lọ.

Ó já lulẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bí àbúrò ti ń kí ẹ̀gbọ́n. Orúnkún Olúfúnlọ́lá kò tíì kan táìlì tí ìró yẹn fi mú un fò dìde.

Gbẹ́rẹ́ mọ́kànlélógún ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Táìlì rọ̀ lábẹ́ àyà rẹ̀ bí iyanrìn, ó sì tún gbọ́ ìró ọmọ ọwọ́ yẹn. Olúfúnlọ́lá yí bẹ́ẹ̀dì ká, ó kúnlẹ̀ tì í, àdéhùn ti tú, nǹkan kan kò ṣe é, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ èèyàn. Ó gbóná, ó ń rùn fún àlùbọ́sà.

Adétúnbọ̀ fún ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì.

Olúfúnlọ́lá kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó rò pé inú àbúrò òun ló ti yọ́. Omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń fọwọ́ kejì gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n ń sọ fún àbúrò tó dọ̀bálẹ̀ kí i.

"Ó tó. Dìde, àbúrò mi. Mo ní kó o dìde."