Ẹ̀jẹ̀ Àlejò Lára Ìbídùnní

Ẹ gbọ́ ná: bí ẹ̀rọ bá ka ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lára ọmọ yín, tó sì kà á dáadáa, ta lẹ óò dá lẹ́bi?

Ní Ìlú Àwòyè, tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀dó sábẹ́ òrùlé gíláàsì lórí òṣùpá, kò sí ìgbéyàwó tí Akẹ̀jẹ̀ kì í kọ́kọ́ fọwọ́ sí. Ẹ̀rọ yìí ń wo ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ru atẹ́gùn kiri ara. Baba fún ọmọ ní ìdajì, ìyá fún un ní ìdajì. Bí AS bá fẹ́ AS, ọmọ wọn lè gba S méjì, kó di fòníkú-fọ̀ladìde, kí egungun máa ro ó títí ayé. AS sì ni Olúgbọ́lá, àfẹ́sọ́nà Ìbídùnní.

Dókítà Àdìgún bi ìyá Ìbídùnní léèrè: "Mà, ṣé ọmọ yín gba ẹ̀jẹ̀ láìpẹ́ yìí?"

Ìyá náà ṣíjú wo ìyá Olúgbọ́lá. Ta ní í ka ìnira ọmọ rẹ̀ sétí àna?

"Rárá o, Dókítà. Ẹ̀jẹ̀ kí ni?"

Akẹ̀jẹ̀ tan iná àwọ̀ ewé: AA.

"Ó parí! Ìyàwó wa, wá dì mọ́ mi!" ni Màmá Olúgbọ́lá pariwo.

Láti ọjọ́ náà, ara ìyá Ìbídùnní kò balẹ̀ mọ́. Bó bá se ọbẹ̀, á gbàgbé iyọ̀. Bó bá kúnlẹ̀ àdúrà, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ní oṣù tó ṣáájú àyẹ̀wò náà, nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ kí ẹbí láyé, ọkọ̀ gbá Ìbídùnní. Ó dákú, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Òun gan-an kò mọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ìyá ti ṣèlérí: "Olúwa, bó bá yè, màá jó wá síwájú pẹpẹ, màá sọ ọ́ sétí gbogbo ìjọ."

Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la, ó kó gbogbo wọn padà sọ́dọ̀ dókítà. "Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Mo purọ́."

Àdìgún di orí mú. "Mà! Ẹ̀jẹ̀ àlejò lè gbé lára tó oṣù mẹ́rin. Ó ti bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀."

"Ìyá ìyàwó, a ti pe èèyàn!" ni Màmá Olúgbọ́lá wí. "Ẹ ò lè gbé e mì?"

"Mo gbé e mì títí, kò lọ."

Wọ́n dá ìgbéyàwó dúró. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ àlejò tán, Akẹ̀jẹ̀ tan iná pupa: AS. Ìbídùnní bọ́ òrùka tí Olúgbọ́lá fi sí i lọ́wọ́, ó fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò tíì sẹ́ni tó dá orin tí ìyá náà fi dìde. Ó di òrùka mọ́wọ́, ó ń jó, omijé ń bọ́, títí ó fi dé iwájú pẹpẹ.

"Ọmọ mi kú tán ló jí," ó ní. "Ẹ bá mi dúpẹ́."