Ta Ló Yọ Àtẹ́rígbà?

Ògiri kan wó lọ́sàn-án gangan, ó sì já lé Baba Káfíńtà lẹ́sẹ̀. Ilé onígi ni wọ́n ń kọ́. Ilé iṣẹ́ agégi ti kan òpó àti pákó ògiri náà pọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn ayàwòrán-ilé ṣe yà á sínú kọ̀ǹpútà, kò sì ku ohun tí àwọn káfíńtà máa ṣe ju kí wọ́n gbé e nàró lọ. Àmọ́ bí igi òrùlé ṣe gúnlẹ̀ lórí rẹ̀ báyìí, òkè fèrèsé ńlá tẹ̀, ó sì ya.

Inspẹ́kítọ̀ tí àwọn ọlọ́pàá ń pè ní Ojú Àwòdì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó. Kò sí àtẹ́rígbà lórí fèrèsé náà. Igi tó yẹ kó ru ẹrù òrùlé, kò sí níbẹ̀ rárá. Ó ya fọ́tò ògiri náà láti ìta. Àlàfo àárín àwọn òpó dọ́gba láti ọwọ́ ọ̀tún wá, àfi ti ìkẹyìn lọ́wọ́ òsì, tó há bí ọ̀nà eku.

Nígbà tó dé ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán, Ọ̀gá wọn ti ń làágùn.

"Ìyàwó ló ya ilé yẹn, sà," ni Ọ̀gá wí. Bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin náà nìyẹn, nítorí pé ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gba iṣẹ́ ní ọ́fíìsì náà, àwọn méjèèjì sì jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. "Òun ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí. Tó bá jẹ́ àṣìṣe rẹ̀ ni, wọ́n á gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Wọ́n sì lè tì í mọ́lé pẹ̀lú," ni Inspẹ́kítọ̀ wí.

Ìyàwó nu ojú rẹ̀, ó ṣí àwòrán ilé náà lórí kọ̀ǹpútà. "Sà, tí èèyàn bá ti fi fèrèsé sínú ògiri, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń gbé àtẹ́rígbà lé e. Ẹ pa á rẹ́, á tún padà wá. Ẹ wò ó! Ẹnì kan pa odindi ògiri mi rẹ́, ó tún òmíràn yà. Kò fi fèrèsé sí i, ihò lásán ló gé. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé fèrèsé ni."

"Kọ̀ǹpútà ta ni wọ́n fi ṣe é?"

"Tèmi ni. Gbogbo wọn ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Orúkọ ọmọ mi ni mo fi tì í."

Inspẹ́kítọ̀ yíjú sí àgbà obìnrin tó jókòó nídìí fèrèsé, tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Àgbà.

"Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn," ni Àǹtí Àgbà wí. "Mò ń jowú ọmọ yìí, mi ò fi pa mọ́. Ipò tó wà yẹn, èmi ló tọ́ sí. Àmọ́ ojú rẹ̀ ni mo ti ń sọ ọ́. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, ilé ni aṣeni ń gbé."

Ọkọ gbé omi wá fún ìyàwó rẹ̀. "Dákẹ́, ìyá ọmọ mi. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn ọ́, èmi ló máa kọ́kọ́ bá." Ó kọjú sí Inspẹ́kítọ̀. "Sà, àṣìṣe ni. Ta ni kì í ṣe é? Ẹ jẹ́ kó lọ sinmi nílé. Iṣẹ́ yìí ti pọ̀ jù fún un, mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́."

Inspẹ́kítọ̀ wo fọ́tò ọwọ́ rẹ̀. Ó ní kí olúkúlùkù wọn ya ògiri kan fún òun lórí kọ̀ǹpútà, bí ẹni tó dúró níta.

"Ṣé ẹ fẹ́ kọ́lé ni, sà?" ni Ọ̀gá bi í.

"Owó oṣù ọlọ́pàá ò tó kọ́ ilé adìyẹ. Ẹ ṣáà máa yà á."

Ọ̀gá, Àǹtí Àgbà àti Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ láti òsì. Bí ìlà wọn ṣe ń lọ ni òpó ń tò tẹ̀ lé e, àlàfo tóóró sì bọ́ sápá ọ̀tún. Ó wá kan Ọkọ. Ó gbé máòsì sọ́wọ́ òsì, ó fa ìlà rẹ̀ láti ọ̀tún. Àlàfo tóóró bọ́ sápá òsì.

Inspẹ́kítọ̀ gbé fọ́tò ògiri tó wó ti ojú kọ̀ǹpútà náà. Ibì kan náà ni ó ti há.

"Ibi tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń ka òpó," ni ó wí. "Ibi tí ẹ bá parí sí ló máa ń há. Ọlọ́wọ́ òsì ló ya ògiri tó wó yìí, ìwọ Ọkọ nìkan sì ni ọlọ́wọ́ òsì níbí. Kó tó dìgbà yẹn, etí mi ti gbọ́ nǹkan. Ìyàwó rẹ fi hàn lójú gbogbo wa pé ẹnì kan tún un yà. Ìwọ tó o ní o fẹ́ jà fún un, ìwọ nìkan lo tún ń pè é ní àṣìṣe."

Ọkọ dìde, ó nàka sí ìyàwó rẹ̀. "Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di máòsì mú!" ni ó fi igbe ta. "Lónìí, tí mo bá ń kọjá ládùúgbò, wọ́n á ní, 'Ọkọ Ayàwòrán ń lọ.' Mi ò lórúkọ mọ́! Mo rò pé wọ́n á rí i nílé iṣẹ́ agégi, wọ́n á fi í ṣẹ̀sín, á sì padà sílé. Mi ò ro ti Baba Káfíńtà. Mo fi ọmọ mi búra."

"Má fi ọmọ búra," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Inspẹ́kítọ̀ kó ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Jọ̀ọ́, sọ fún ọmọ wa pé iṣẹ́ gbé mi rìnrìn àjò."

Ìyàwó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Rárá," ni ó wí. "Ọmọ wa ti tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní owú."