Omi Tó Mọ́ Gaara Tó Pa Ẹja Múyìíwá

Kí Oyèníkẹ́ tó kó aṣọ lọ sọ́jà Ìwó láràárọ̀, ó máa ń gbé ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àga tó kọjú sí àpótí gíláàsì inú pálọ̀. Ẹja kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, àwọn kan pupa, àwọn kan funfun. Fọládé, ọmọ wọn tó wà ní Ìbàdàn, ló rà wọ́n fún bàbá rẹ̀ lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú.

Apá ọ̀tún Múyìíwá kò ṣiṣẹ́ mọ́, ahọ́n rẹ̀ sì wúwo. Ṣùgbọ́n tó bá ti ń wo ẹja, ojú rẹ̀ á mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ já gaara lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn àìsàn náà, àwọn ẹja ló fi kí. Oyèníkẹ́ sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó yá, ara gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ó ń di àwọ̀ ewé, omi náà sì ń rùn díẹ̀díẹ̀. Ojú ti Oyèníkẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó kó àwọn ẹja sínú abọ́, ó da omi àpótí nù pátápátá, ó fi ọṣẹ fọ òkúta ìsàlẹ̀ àti kànrìnkàn tí ń sẹ́ omi, títí wọ́n fi funfun báláú. Ó fa omi tuntun láti inú kànga ẹ̀yìnkùlé.

"Bàbá Fọládé, ẹ wò ó. Ṣé ó mọ́?"

"Ó... mọ́," ni Múyìíwá fèsì, ó sì rẹ́rìn-ín.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ẹja ti wá sókè omi, wọ́n ń yanu. Oyèníkẹ́ rò pé ebi ló ń pa wọ́n, ó bu oúnjẹ sí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mélòó kan ti léfòó, ikùn wọn yí sókè. Ó yára kó wọn jù sẹ́yìnkùlé kí ọkọ rẹ̀ tó jí. Ṣùgbọ́n bí Múyìíwá ṣe wo àpótí náà ló ti mọ̀.

"Ibo... ni wọ́n wà?"

Oyèníkẹ́ sáré jáde lọ wá ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́.

Agnes, aládùúgbò wọn, ní kó tú kapusù tí àwọn èèyàn fi ń wo ọgbẹ́ sínú omi náà. Oyèníkẹ́ tú u. Òkú ẹja tún pọ̀ sí i. Ó wá ku ẹyọ kan ṣoṣo, ó fẹ̀gbẹ́ lé ìsàlẹ̀, ó ń mí tagbáratagbára.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Halimah, ọ̀kan lára àwọn oníbàárà Oyèníkẹ́, wá gba aṣọ tó ní kó bá òun mú sílẹ̀. Ó kàwé nípa ẹja, ó sì ń sin ẹja àrọ̀ ní Olúpọ̀nnà. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn méjèèjì, ojú rẹ̀ sì lọ sára àpótí.

"Mọ́mì, omi wo lẹ dà síbẹ̀?"

"Omi kànga wa ni. Ó mọ́ dáadáa. A tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ da kẹ́míkà apakòkòrò sí i ni, nítorí àrùn onígbáméjì."

"Ìyẹn dára fún èèyàn, ṣùgbọ́n ó ń pa ẹja."

Halimah yọ ìgò àyẹ̀wò tó fi ń wo omi ẹja tirẹ̀ nínú báàgì. Ó bu omi àpótí díẹ̀ sínú rẹ̀, ó kán oògùn àyẹ̀wò sí i, ó dúró díẹ̀. Omi náà di àwọ̀ ewé dúdú.

"Àwọ̀ ìyeyè ló yẹ kó jẹ́. Bó ṣe dà yìí, májèlé ti kún un."

"Májèlé kẹ̀? Ta ló fi májèlé síbẹ̀? Ọṣẹ ni mo fi fọ gbogbo rẹ̀, kapusù nìkan ni mo sì tú sí i."

"Láti ara ẹja fúnra wọn ni. Ìgbẹ́ wọn, ìtọ̀ wọn, oúnjẹ tí wọn ò jẹ tán, gbogbo rẹ̀ ló ń di amóníà. Ojú kì í rí i. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ín tó ń gbé inú kànrìnkàn àti òkúta yẹn ló máa ń bá wa sọ ọ́ di ohun tí kì í tètè pa ẹja. Ọṣẹ pa kòkòrò náà, kẹ́míkà kànga pa èyí tó kù. Kapusù yẹn náà ń pa kòkòrò."

"Èmi ni mo pa wọ́n," ni Oyèníkẹ́ sọ.

"Ẹ ò mọ̀ ni, Mọ́mì."

Múyìíwá gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí àga. Kò bínú. Ó kàn yí ojú sí ògiri.

Halimah wá omi tó dára láti fi pààrọ̀ díẹ̀ nínú ti àpótí, ṣùgbọ́n ẹja tó kù náà kò rí ọjọ́ kejì. Ó wá kọ́ Oyèníkẹ́ bí yóò ṣe tún omi náà tọ́jú láìsí ẹja nínú rẹ̀: kí ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn máa ṣiṣẹ́, kó máa ju oúnjẹ ẹja bíńtín sí i kí àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ín náà lè tún pọ̀, kó sì máa ṣàyẹ̀wò. Ó fún un ní oògùn àyẹ̀wò méjì, ọ̀kan fún amóníà, ọ̀kan fún nítíráìtì, májèlé kejì tí amóníà máa ń kọ́kọ́ dà.

Ó ju oṣù kan lọ kí omi náà tó gún régé. Láàárín àkókò yẹn, Múyìíwá kò jẹ́ kí wọ́n gbé òun dé orí àga mọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń bá a na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sọ pé kò gbìyànjú bíi ti tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ti ń já gaara sì tún ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu.

Nígbà tí àyẹ̀wò méjèèjì fi hàn pé májèlé ti tán, Oyèníkẹ́ ra ẹja méjì péré, ó rọ ọkọ rẹ̀ títí tó fi gbà kí wọ́n gbé òun wá. Múyìíwá wò wọ́n fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí yàrá, pé kí wọ́n gbé òun padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹja nílé, ẹ má ṣe fi ojú lásán mọ omi tó dára. Ẹ ra oògùn àyẹ̀wò, kẹ́ ẹ sì máa lò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pàápàá tí àpótí bá ṣì tuntun. Ẹ má da gbogbo omi nù lẹ́ẹ̀kan; ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ tó. Omi àpótí tẹ́ ẹ bù jáde ni kẹ́ ẹ fi ṣan kànrìnkàn, ọṣẹ ò gbọdọ̀ kàn án. Tí kẹ́míkà apakòkòrò bá wà nínú omi yín, ẹ lo oògùn tí àwọn tó ń ta ẹja fi ń pa agbára rẹ̀, kẹ́ ẹ tó dà á sí àpótí. Ẹ má ṣe fún ẹja ní oúnjẹ ju èyí tí wọ́n lè jẹ tán lójú ẹsẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá sì ń yanu lókè omi, ẹ má fún wọn ní oúnjẹ, ẹ má tú kapusù sí i. Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kíákíá, nígbà tí wọ́n ṣì ń mí.