Ìyá Abigail Da Korobá Bo Àpótí Etí Omi

Ìyá Abigail ń yí ẹja lórí ààrò, ṣùgbọ́n àpótí kékeré tí wọ́n kàn mọ́ òpó lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ló ń wò. Iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú ṣáá. Tàwọn àpótí tó wà lókè odò kì í ṣẹ́jú tó bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ òun ló ń ṣẹ́jú sí?

Àjọ tó ń rí sí omíyalé ní bí omi bá ń kún lókè, àpótí yóò sọ, ìkìlọ̀ yóò sì wọ fóònù gbogbo àdúgbò. Ta ni wọ́n ń tàn? Kámẹ́rà ni wọ́n fi ń ṣọ́ ilé wọn; wọn á kọ́kọ́ wọnlẹ̀, katakátà á tẹ̀lé e wá wó o. Níbo lòun máa wá gbé ìyá òun arúgbó gbà, tí kò lè dá rìn?

“Mama, na water dem dey measure,” Abigail ọmọ rẹ̀ sọ.

“Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Omi ló ní kí wọ́n wá máa ṣọ́ òun?”

Ló bá da korobá irin bo àpótí náà, ó fi okùn àwọ̀n dì í pinpin.

Lọ́sẹ̀ kejì, òjò ń rọ̀ láti àárọ̀ nígbà tí Olúṣínà, òṣìṣẹ́ àjọ náà, dé.

“Ẹ kú iṣẹ́ mà. Bátìrì àwọn àpótí òkè odò ti kú láìtọ́jọ́. A pààrọ̀ wọn láàárọ̀ yìí, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn ò dé ọ́fíìsì.”

“Èmi ni mo jẹ bátìrì yín ni?”

Olúṣínà rí korobá. “Mà, bí ọkọ̀ ẹja bá gúnlẹ̀, ṣé ẹnì kan ló ń ju apẹ̀rẹ̀ láti inú ọkọ̀ dé ilé?”

“Ṣé orí ẹ pé? À ń gbà á lọ́wọ́ ara wa ni.”

“Bẹ́ẹ̀ làwọn yìí náà ń ṣe. Àpótí kan á sọ fún èyí tó sún mọ́ ọn, ìyẹn á sọ fún òmíràn, kí bátìrì má baà tètè tán. Tiyín ló kẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá lọ sí ọ́fíìsì, ló ṣe ń ṣẹ́jú jù. Irin yìí ti dí i. Àwọn yòókù wá ń lọgun jìnnà títí agbára fi tán. Kò ní kámẹ́rà, mà. Omi nìkan ló ń wọ̀n.”

Ìyá Abigail wò ó látòkè délẹ̀. Kò tíì gbà á gbọ́ tán.

“Bí omi bá ń bọ̀ báyìí ńkọ́?” ó bi Olúṣínà.

“Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.”

Ìyá Abigail fa ọ̀bẹ ẹja yọ. Ó gé okùn, ó ṣí korobá kúrò. Kò pẹ́ tí fóònù Abigail fi dún, ti ilé kejì dún, ló bá ń dún káàkiri: OMI Ń BỌ̀, Ẹ KÚRÒ LÉTÍ ODÒ.

“Mama, make we carry Grandma!”

Olúṣínà pọn ìyá àgbà, wọ́n sá gba ọ̀nà òkè. Nígbà tí Ìyá Abigail bojú wẹ̀yìn, omi ti dé ojú fèrèsé yàrá tí wọ́n ti gbé ìyá àgbà jáde.

“Yéè! Ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi pa ìyá mi!” Ó bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin ará wa, ìfura loògùn àgbà, a ò ní kí ẹ má fura. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ẹ ní kó fi káàdì rẹ̀ hàn, kó sì ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ẹ má bo àpótí omi, ẹ má sá àwọ̀n lé e, ẹ má sì yọ bátìrì rẹ̀ tà. Bí ẹ bá dí ọ̀kan pa, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lẹ dí lẹ́nu, ìyá yín sì lè wà lára àwọn tó ń retí ìkìlọ̀ náà.