Omi Àlejò Nílé Àkànbí

Oòrùn àárọ̀ ti ń ta ni lẹ́yìn nígbà tí Mùtíù kọ́kọ́ rí Nàfísátù. Arósúà méjì tí wọ́n fi ń bomi rin ẹ̀fọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sáré láàárín àwọn ebè, omi sì ń dà bí òjò wẹ́ẹ́rẹ́ sórí iyanrìn. Ọgbà náà wà nítòsí pápá ọkọ̀ òfúrufú ní Kútọnu. Yunifásítì ló rán Mùtíù wá síbẹ̀, kí ó máa kọ́ àwọn olóko nípa ìtọ́jú ilẹ̀ àti oògùn kòkòrò.

"Tíṣà, ẹ ti tẹ ebè mi!" ni Nàfísátù ké.

Mùtíù fò sẹ́yìn. Ó tún tẹ òmíràn.

"Áà! Ṣé ẹsẹ̀ yín kò ríran ni?"

Àwọn obìnrin olóko tó kù bú sẹ́rìn-ín. Mùtíù náà rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ sì dúró sí ọgbà náà.

Ó kọ́ wọn bí a ṣe ń gún ewé dóńgóyárò fún kòkòrò. Ó kìlọ̀ pé oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí òwú kì í ṣe oògùn ẹ̀fọ́, àti pé bidọ́ọ̀nù rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì rọ́bà tí wọ́n ń rọ ọ́ sí, kò yẹ fún omi mímu, bí a tilẹ̀ fi iyanrìn fọ̀ ọ́ títí, nítorí májèlé ti wọ ara rọ́bà náà.

Nàfísátù kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Inú irú bidọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ ni omi mímu ilé wọn wà. Èṣí sì ni inú rírun pa ìyá rẹ̀.

Ó sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀, Àkànbí ará Ṣakété.

"Má sọ ọ́ nínú ilé yìí mọ́ láé," ni Àkànbí wí.

Láti ìgbà náà ni Nàfísátù ti ń mumi nílé aládùúgbò. Bí bàbá rẹ̀ bá gbé ife sẹ́nu, Nàfísátù a yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tí ìfẹ́ Nàfísátù àti Mùtíù ti wọra, Mùtíù ní, "Nàfí mi, mo fẹ́ wá kí bàbá."

"Ẹ má wá."

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ pé màá tún tẹ ebè bàbá ni?"

Nàfísátù di apá rẹ̀ mú. "Bàbá yóò gbé omi bidọ́ọ̀nù fún yín. Bí ẹ bá kọ̀ ọ́, ẹ ti kọ ilé wa. Bí ẹ bá sì mu ún..."

Síbẹ̀, Mùtíù wá sílé wọn. Àkànbí fúnra rẹ̀ ló da omi látinú bidọ́ọ̀nù sínú ife.

"Àlejò, omi rè é."

Mùtíù gba ife náà. Nàfísátù ti dijú. Mùtíù rọra gbé ife náà sílẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. N kò lè mu ún. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún mọ́."

Àkànbí dìde. "O kọ omi mi, o sì fẹ́ ọmọ mi? Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń bu omi fún ìyá rẹ̀ lórí àìsàn. Bí ọ̀rọ̀ rẹ bá jẹ́ òótọ́, ta ló pa á?"

Mùtíù kò dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Bàbá, n kò mọ ohun tó pa wọ́n. Bí mo bá ní mo mọ̀, irọ́ ni. Ìfẹ́ lẹ fi bu omi náà. Ṣùgbọ́n Nàfísátù ṣì wà. Ẹ̀yin náà ṣì wà."

Àkànbí kò sunkún. Ó wo bidọ́ọ̀nù náà pẹ́, lẹ́yìn náà ó mú àdá, ó gbé bidọ́ọ̀nù náà lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì là á sí méjì. Iyanrìn fa omi náà mu.

"Nàfísátù, lọ bu omi wá nílé Rodiat aládùúgbò wa."

Ó sáré lọ, ó sáré dé. Àkànbí fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi náà fún Mùtíù, Mùtíù sì mu ún tán.

"Kó àwọn ẹbí rẹ wá lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀," ni Àkànbí wí. "Àlùfáà yóò so yìgì."

Ó jókòó, ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀.

"Bu tèmi náà wá."