Ta Ló Gbé Fóònù Nílé Òtútù?

Láti ẹ̀yìn gíláàsì ni Oníyìnyín ti kọ́kọ́ rí i. Ọmọbìnrin náà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Akọ̀wé, jókòó sídìí tábìlì báńkì tí wọ́n ti ń yáni lówó ra ilé, ó fi báírò há ẹ̀yìn etí, ó ń rẹ́rìn-ín sí ìwé kan bí ẹni pé ìwé náà ló ń ṣàwàdà fún un. Ẹwà rẹ̀ pọ̀ débi pé aago ara ògiri gbàgbé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bi aago.

Bí Oníyìnyín ṣe jókòó báyìí, ìrì bo gíláàsì àárín wọn. Ó na ọwọ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó bọ ọmọbìnrin náà lọ́wọ́. Akọ̀wé fò sókè.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ wà láàyè ṣá?"

"Títí di àárọ̀ yìí, mo wà láàyè. Iṣẹ́ mi ló ń bá mi rìn."

Iṣẹ́ ọ̀hún ni títún ẹ̀rọ tó ń mú ilé òkú ọsibítù tutù ṣe. Ọdún mọ́kànlá ló fi tún fíríìjì ṣe kiri ojúlé kó tó rí iṣẹ́ olówó oṣù yìí. Ibẹ̀ tutù débi pé bí èèyàn bá sín, yìnyín ló ń já bọ́ nímú rẹ̀, a sì dún kà lórí sìmẹ́ńtì. Láràárọ̀, kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, Oníyìnyín á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á kí àwọn tó sùn síbẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀?" Akọ̀wé bi í.

"Ọ̀sẹ̀ méje rèé."

Akọ̀wé mí kanlẹ̀. "Oṣù mẹ́fà ni báńkì ń fẹ́. Ẹni tí kò bá tíì pé bẹ́ẹ̀, a máa ń pe fóònù ibi iṣẹ́ rẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ náà ti di tirẹ̀ pátápátá, a ó yá a."

"Onílé mi fẹ́ ta ilé tí mò ń gbé. Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ló dá fún mi. Bí mi ò bá rí owó báńkì, ẹlòmíì á rà á."

"Ẹ kó ìwé yín wá."

Ó kó wọn wá lóòótọ́, ẹyọ kan lójúmọ́. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, Akọ̀wé gbé báírò sílẹ̀.

"Bọ̀dá, ìgbàgbé yín yìí, ṣé ó ní oògùn?"

"Tí ẹ bá sìn mí dé ibùdókọ̀, ó lè lọ."

Ó sìn ín. Lọ́jọ́ kejì, ó tún sìn ín. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, "ẹ" ti di "o", "bọ̀dá" sì ti di "olólùfẹ́ mi olótùútù". Nǹkan kan ṣoṣo ni Akọ̀wé ò lè sọ fẹ́nì kan: gbogbo ìgbà tí wọ́n bá di ọwọ́ mú, ó ń ṣe é bíi pé ọwọ́ àgbàlagbà kan, tó fẹ́lẹ́ bí èéfín, rọra bo tiwọn mọ́lẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. "Nínú gbogbo ọkùnrin ilé ayé, ẹni tó ń kí òkú ló wù ọ́? Kò nílé, kò lọ́nà. Bí kò bá rí ilé yẹn rà, kó má yọjú síbí."

Ní Ọjọ́bọ̀ tí ọjọ́ Ẹtì náà ku ọ̀la, ní aago méjì ọ̀sán, Akọ̀wé pe ilé òkú. Fóònù dún títí, kí ẹnì kan tó gbé e. Ohùn ìyá arúgbó ni, ó jìnnà bí ohùn ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. Omi ń kán lẹ́yìn rẹ̀, tó, tó, tó.

"Ọmọ yẹn? Tiwa ni. Kò sẹ́ni tó tíì tọ́jú wa bẹ́ẹ̀ rí. Kò níbi tó ń lọ."

"Ẹ ṣeun, mà. Irú ipò wo ni kí n kọ pé ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo ti pẹ́ níbí," ni ohùn náà wí. Ariwo omi dákẹ́.

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Ó ku kí ọ̀gá báńkì tẹ òǹtẹ̀ lù ú láàárọ̀.

Nírọ̀lẹ́, níbùdókọ̀, ó fẹ̀rín sọ ọ́. "Ìyá tó ń gbé fóònù níbi iṣẹ́ rẹ fẹ́ràn rẹ o. Aago méjì ni mo pè."

Ẹ̀rín sá lójú Oníyìnyín. "Kò sí obìnrin kankan lẹ́nu iṣẹ́ wa. Ọjọ́bọ̀ la sì máa ń pa ẹ̀rọ, kí yìnyín ara rẹ̀ lè yọ́. Láti aago kan di mẹ́rin, gbogbo wa á jáde. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn." Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò. "Èyí nìkan ló wà."

Irun ara Akọ̀wé dìde dúró bí ọmọ iléèwé tí ọ̀gá wọlé bá. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ta ló máa mọ̀? Ìwé ti wà nílẹ̀. Ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di tiwa."

"Ọ̀gá mi gan-an ò ní sọ pé iṣẹ́ ti di tèmi kí n tó pé oṣù mẹ́fà. Bí báńkì bá wádìí, orúkọ rẹ ló wà nísàlẹ̀ ìwé. Mi ò lè fi ẹnu ẹni tó ti lọ ra ilé, kí n wá fi iṣẹ́ rẹ san án. Fa ìwé náà ya, olólùfẹ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Akọ̀wé fa ìwé náà ya. Lọ́sàn-án, onílé ta ilé fún ẹlòmíì. Oníyìnyín kó lọ sí yàrá kan tó kéré débi pé bó bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní láti kọ́kọ́ jáde síta.

Ìyá Akọ̀wé gbọ́, ó gbéra láti lọ sọ fún un kó fi ọmọ òun sílẹ̀. Ó bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé òkú láàárọ̀, tó kọ ẹ̀yìn sí i.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà," ni Oníyìnyín ń wí. "Ilé ò bọ́ sí i, àmọ́ ẹ ṣeun tí ẹ gba tèmi rò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fóònù mọ́, kí wọ́n má baà lé ọmọ ọlọ́mọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́."

Ìyá fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Láti inú òtútù yẹn, ohùn púpọ̀ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, jẹ́jẹ́ bí aṣọ tó ń wọ́ nílẹ̀: "Ó dáa, ọmọ wa."

Orúnkún tó ti ń dun ìyá láti ọdún mẹ́sàn-án san lójú ẹsẹ̀. Bó ṣe ń sáré lọ sílé, ó ya bọ́ọ̀sì méjì sílẹ̀ lọ́nà. Ó mu omi ife mẹ́rin kó tó lè sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ẹni tó sọ ilé nù kí ìwọ má baà sọ iṣẹ́ nù kò ní fìyà jẹ ọ́. Fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n sọ fún un pé ọ̀sán ni kó máa kí èmi."

Oṣù mẹ́fà pé. Ọ̀gá ilé òkú fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé, Oníyìnyín sì padà sí báńkì nítorí ilé mìíràn, èyí tó kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ. Akọ̀wé yẹ ìwé tí Oníyìnyín fi béèrè owó wò títí dé ìsàlẹ̀.

"O fo ìlà kan. Wọ́n ní, ta ni yóò máa bá ọ gbé ilé náà?"

"Mi ò fò ó. Kì í ṣe èmi ló yẹ kó kọ ọ́."

Akọ̀wé tẹjú mọ́ ìlà náà títí. Ó mú báírò, ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo síbẹ̀: *ìyàwó*. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbé fáìlì náà lọ bá akọ̀wé kejì tó jókòó nítòsí fèrèsé.

"Ẹ dákun, ẹ bá mi parí eléyìí," ó wí. "Báńkì ò gbà ká fọwọ́ kan ìwé ẹbí ẹni."