Ọwọ́ Tí A Fi Ń Kí Aláìsàn

Ìròyìn náà fi ọjọ́ kan pẹ́.

Baseerah ń da ẹ̀kọ gbígbóná sínú ife fún ìyá ìyá rẹ̀ nígbà tí Nọ́ọ̀sì Ajíbọ́lá wọ wọ́ọ̀dù, tòun ti ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ méjèèjì. Nọ́ọ̀sì yìí kì í wọlé láìdá àpárá kan sílẹ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ojú rẹ̀ le bí ojú ẹni tó ń lọ ìrìn tí kò wù ú.

"Ìyá Àgbà, ẹ kú àárọ̀. Èsì àyẹ̀wò egbò yín ti dé," ni ó wí. "Kòkòrò tó wà níbẹ̀ kò gbọ́ ti oògùn tí a ń fún yín. A máa pààrọ̀ oògùn náà, a sì máa gbé yín lọ sí yàrá kékeré tó wà ní ìpẹ̀kun yẹn. Àná ló yẹ kí èsì yìí ti tẹ̀ wá lọ́wọ́, iná ni kò sí ní yàrá àyẹ̀wò."

Ìyá Àgbà Rọ̀kíbátù gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí. "Ẹ fẹ́ lọ tì mí mọ́lé ni, ọmọ mi?"

"Ká má rí i, Ìyá. Nítorí àwọn aláìsàn tó kù ni."

Baseerah gbé ife ẹ̀kọ sílẹ̀, ó sì wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Àná. Àná ni báńdéèjì tú lára obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, tí òun sì sáré bá a lẹ̀ ẹ́ padà. Ọwọ́ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gbé itan Ìyá Àgbà ni òun fi lẹ̀ ẹ́. Òun kò sì fọ̀ ọ́.

Láti Ẹ̀pẹ́ ni ọmọbìnrin náà ti wá. Ìyá Àgbà wá kí ọmọ rẹ̀ ní Ìkòròdú ni, ó yọ̀ ṣubú nínú ilé ìwẹ̀, egungun itan rẹ̀ sì dá. Bí wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ abẹ fún un tán, tí ilé-ẹ̀kọ́ sì wà ní ìsinmi, Baseerah di aṣọ méjì sínú báàgì, ó wá dúró tì í. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ọkàn rẹ̀ kì í sì í dúró sójú kan. Bí ó bá wo wọ́ọ̀dù náà, ọkọ̀ ojú omi ni ó máa ń rí: àwọn bẹ́ẹ̀dì ni ìjókòó, àwọn aláìsàn ni èrò, òun Baseerah sì ni atukọ̀ tó fẹ́ wà wọ́n gúnlẹ̀ láìfarapa.

Kò sì fi ìtukọ̀ náà ṣeré. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá wá kí aláìsàn kan kì í kí ẹyọ kan kó sì máa lọ. Yóò di ọwọ́ tàkọ́kọ́ mú, yóò fi ọwọ́ kan iwájú orí ìkejì, yóò bá ẹlẹ́ẹ̀kẹta tún ìborùn ṣe, "Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà o," títí yóò fi yí gbogbo ilé ká. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn á ní kò gba ẹ̀kọ́ ilé. Ti Baseerah wá ju ti àlejò lọ. Òun ló ń bu omi fún ẹni òùngbẹ ń gbẹ, òun ló ń gbé ẹni tó fẹ́ jókòó dìde. "Ọmọ gbogbo wa" ni wọ́n sọ ọ́. Bí wọ́n bá ti pè é bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ a wú.

Kì í ṣe pé wọn kò kìlọ̀ fún un. Lọ́jọ́ tó dé gan-an ni Nọ́ọ̀sì Ajíbọ́lá ti sọ fún un pé, "Bí o bá kúrò lára ẹnì kan, fi omi àti ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ kí o tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn." Ó sì ń ṣe é. Títí di ìgbà tí obìnrin orí bẹ́ẹ̀dì kejì ṣe àkíyèsí rẹ̀.

Caroline ni orúkọ obìnrin náà, ṣùgbọ́n Ìyá Ìníolúwa ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọmọ Ìlàjẹ ni, ẹja yíyan ni ó ń tà ní Èbúté Ìkòròdú. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ikùn, síbẹ̀ iṣẹ́ abẹ náà kò dé ẹnu rẹ̀.

"Ọmọ Ẹ̀pẹ́!" ni ó ké lọ́jọ́ kan. "O ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi tún ìrọ̀rí ṣe, o ti sáré dé ìdí omi. Ṣé ẹja ni mo ń rùn ni?"

Wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Màmá arúgbó kan láti igun kejì tún fi tirẹ̀ kún un: "Ẹ fi í sílẹ̀. Àwa la dọ̀tí, òun nìkan ló mọ́."

Àwàdà ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n ó wọ Baseerah lára bí egungun ẹja. Ojú tì í. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ó bá fẹ́ dìde lọ fọ ọwọ́, yóò rántí ẹ̀rín wọn, yóò sì fi ọwọ́ nu ara aṣọ. Ó rò pé ọ̀wọ̀ ni òun ń bù fún wọn.

Ọjọ́ Ẹtì ni ó yẹ kí Ìyá Ìníolúwa lọ sílé. Ìníolúwa, ọmọ rẹ̀ kékeré tí kò tíì já lẹ́nu ọmú, wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ní abúlé wọn létí ọ̀sà, àárò ọmọ náà sì ń sọ ọ́. Abraham ọkọ rẹ̀ ti wa ọkọ̀ wá sí èbúté, ó ti di ẹrù. Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì wò fún ìgbà ìkẹyìn, ojú iṣẹ́ abẹ náà ti wú, ó pọ́n, ó gbóná, ọyún sì ń yọ níbẹ̀. Wọ́n ní kò lè lọ sílé mọ́, wọ́n sì mú lára ọyún náà lọ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé, kòkòrò kan náà ni, irú èyí tó wà lára Ìyá Àgbà.

Lọ́jọ́ Ẹtì náà, Abraham dúró gbọnrangandan láàárín wọ́ọ̀dù pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. "Kí ni kí n wí fún Ìníolúwa?" ni ó bi ìyàwó rẹ̀. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi fa ìborùn bo orí. Ó yí ojú sí ara ògiri.

Ẹ̀yìn táǹkì omi ni Nọ́ọ̀sì Ajíbọ́lá ti bá Baseerah, níbi tó ti ń sunkún.

"Èmi ni mo gbé e fún un, Àǹtí. Ọwọ́ mi yìí ni."

"Ó lè jẹ́ ìwọ," ni nọ́ọ̀sì dáhùn. Kò parọ́ láti tù ú nínú. "Ó lè jẹ́ àlejò. Ó lè jẹ́ àwa òṣìṣẹ́ pàápàá, nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́rùn wa. Sitáàfù ni àwọn dókítà ń pe irú kòkòrò egbò yìí. Kì í fò bí ẹ̀fọn. Ọwọ́ ènìyàn ló ń wọ̀, bí èrò ṣe ń wọ ọkọ̀."

"Kí ló dé tí oògùn ò fi pa á?"

"Àwa la kọ́ ọ níjà. Ọ̀fìnkìn mú wa, a ra kápúsù méjì ní kẹ́míìsì. Dókítà ní ká lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ kan, ara yá díẹ̀, a pa á tì. Kòkòrò tí a nà tí a kò pa, ó ti mọ bí a ṣe ń yẹ pàṣán nìyẹn. Oògùn tó lè ká èyí mọ́ kò pọ̀ mọ́. Ohun tó dára jù ni ká má jẹ́ kó rí ọkọ̀ wọ̀."

Baseerah nu ojú rẹ̀ nù. Ní òru ọjọ́ náà, kò fi ọkàn ro ìtàn kankan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń yí po: kí ló dé tí fífọ ọwọ́ fi dà bí èébú? Nígbà tó yá, ó yé e. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn ọ́ tán tó wá sáré lọ fọ ọwọ́, ó dà bí ẹni tó ní o dọ̀tí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró níwájú rẹ, tó fọ ọwọ́ kó tó kàn ọ́, ìwọ ló ń bọ̀wọ̀ fún. Ta ni kì í fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun? Ṣé oúnjẹ ló dọ̀tí ni?

Ọ̀dọ̀ Ìyá Ìníolúwa ni ó kọ́kọ́ lọ ní òwúrọ̀, pẹ̀lú ike omi tó ní ẹnu ẹ̀rọ, ọṣẹ àti abọ́. Ó kúnlẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ẹ̀rín ọjọ́ náà dé orí báńdéèjì tí ó fi ọwọ́ àìfọ̀ lẹ̀. Obìnrin náà tẹjú mọ́ ike omi náà.

"Mo fẹ́ bínú sí ọ," ni ó wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n ẹnu tèmi ló kọ́kọ́ lé ọ kúrò nídìí omi. Lọ́dọ̀ wa, bí omi bá ń wọ inú ọkọ̀, a kì í béèrè ìdí ẹni tí ihò wà. Gbogbo èrò ló ń gbọ́n ọn. Gbé omi rẹ wá, ká bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n ọn."

Báyìí ni ó bẹ̀rẹ̀. Baseerah yóò dúró ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, yóò fọ ọwọ́ lójú aláìsàn, yóò sì na án sókè: "Ẹ wò ó, mà, mo ti fọ̀ ọ́ nítorí yín." Inú àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn sí i. Màmá arúgbó igun kejì tilẹ̀ ní òun kò tíì rí ọba tí wọ́n ṣe irú ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀ fún. Ìyá Ìníolúwa, tí wọ́n ti gbé lọ sí yàrá kékeré kejì, ní kí wọ́n ṣí fèrèsé tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó sì sọ ara rẹ̀ di ẹ̀ṣọ́. Dókítà pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dókítà! Ọwọ́ ńkọ́?"

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó padà, ó fọ ọwọ́.

Ìdánwò gidi dé lọ́jọ́ tí Àlàájà Mùlíkátù wá láti Ẹ̀pẹ́. Àbúrò Ìyá Àgbà ni, òun ni olórí ẹgbẹ́ àsáláátù àdúgbò wọn, òun ló sì kọ́ Baseerah ní kéú láti kékeré. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀, àwọn ọkùnrin ilé wọn a máa dákẹ́. Ó dé pẹ̀lú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú híjáàbù funfun, wọ́n ti múra láti gbàdúrà fún gbogbo wọ́ọ̀dù láti orí bẹ́ẹ̀dì dé orí bẹ́ẹ̀dì.

Baseerah kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, omi rèé."

"Omi kí ni?"

"Omi ìfọwọ́, mà."

"Èmi?" Àlàájà wo ẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ni ọmọ náà ń bá wí. "Èmi tí mo ṣe àlùwàlá kí n tó kúrò ní mọ́ṣáláṣí? Baseerah, ṣé o gbàgbé ẹni tí mo jẹ́ ni?"

"Ọmọ ayé òde òní!" ni obìnrin kan wí lẹ́yìn rẹ̀.

Ìtìjú àtijọ́ ti tún dé, ó ń fa Baseerah láṣọ pé kí ó yà fún àgbà. Ó rántí Abraham àti báàgì ọwọ́ rẹ̀.

"N kò gbàgbé, Ìyá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé àlùwàlá a máa bàjẹ́, àti pé bí ó bá ti bàjẹ́, a kì í fi kírun, a máa ń tún un ṣe ni. Bẹ́ẹ̀ ni mímọ́ ọwọ́ rí níbí. Bí a bá ti kan bẹ́ẹ̀dì kan, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, a ó tún un ṣe kí a tó kan èkejì. Ìyá Àgbà wà nínú àwọn tí ẹ fẹ́ gbàdúrà fún. Ẹ má jẹ́ ká fi ọwọ́ tí a fi ṣe àmín pín àrùn."

Láti yàrá ìpẹ̀kun ni ohùn kan ti dún, ohùn arúgbó tó ń yangàn.

"Mùlíkátù! Ọmọ mi ló ń sọ̀rọ̀ yẹn o! Fọ ọwọ́ rẹ. Bí o kò bá ní fọ̀ ọ́, padà sí Ẹ̀pẹ́, n óò gba àdúrà tìrẹ lórí fóònù!"

Àwọn obìnrin náà kò lè mú ẹ̀rín mọ́ra. Àlàájà gbìyànjú láti rojú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín borí rẹ̀. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "Bísímílláàhì," ni ó wí, ó sì fọ ọwọ́ láti ọrùn ọwọ́ dé àárín ìka, ó tún fọ̀ ọ́ ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ìpẹ̀kun, ó yíjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Ṣé ẹ rí i? Èmi ni mo kọ́ ọ."

Kò sí aláìsàn mìíràn tí kòkòrò náà tún mú ní wọ́ọ̀dù náà ní gbogbo ìgbà tí Baseerah fi wà níbẹ̀. Egbò Ìyá Àgbà gbẹ. Oògùn tuntun náà, tí wọ́n lò dé òpin, sì ká ti Ìyá Ìníolúwa mọ́. "Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́," ni Ìyá Àgbà ń wí fún ẹnikẹ́ni tó bá kí i. "Ẹni tó bá tijú láti ṣe ohun tó tọ́, ẹlòmíràn ló máa ń jìyà rẹ̀. Ọmọ mi ti mọ ìyẹn báyìí."

Lọ́jọ́ tí Ìyá Ìníolúwa ń lọ sílé, Abraham tún wa ọkọ̀ wá, ọmọ náà sì jókòó sí èjìká rẹ̀. Obìnrin náà na ọwọ́ sí Baseerah láti dágbére. Baseerah kò gbà á. Ó yíjú sí ike omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọṣẹ ra ọwọ́.

"Ọmọ Ẹ̀pẹ́!" ni Ìyá Ìníolúwa ké, ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò nínú rẹ̀. "Ṣé ẹja ni mo ṣì ń rùn ni?"

Baseerah gbọn omi ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó sì fi méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ rùn ún tó bí ó ṣe wù yín, mà. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, wọn ì báà bú mi, wọn ì báà fi mí rẹ́rìn-ín, kò sí aláìsàn tí n óò tún fi ọwọ́ àìfọ̀ kàn."